Ọwọ́ Tí Kò Mọ Ìrora

Ẹ̀jẹ̀ ni Oníòrí kọ́kọ́ rí kó tó rí obìnrin náà.

Ó gbé páálí ọṣẹ tó ń tà mọ́ òrí wá sẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Bó ṣe ń wá ibi tó máa sọ ẹrù náà kà, ó rí àmì pupa kan lórí bẹ́díṣíìtì funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìgbà náà ló gbójú sókè, tó rí ọwọ́ tó di áyọ́ọ̀nù mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ yín ń ṣẹ̀jẹ̀."

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọwọ́ aládùúgbò. Bílíìṣì àti omi gbígbóná ti gba gbogbo ọ̀rá ara rẹ̀. Awọ ìka ẹ̀ gbẹ, ó le, ó sì là káàkiri bí ilẹ̀ tí òjò ti gbàgbé.

"Òótọ́ ni," ó ní. Ó fa bẹ́díṣíìtì náà yọ, ó jù ú sínú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí, ó tẹ́ òmíràn.

"Kò dùn yín ni?"

"Kò dùn mí."

Kò fi ìgboyà sọ ọ́, kò sì fi ṣàwàdà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ò rọ̀ lánàá.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, bó ṣe ń fara balẹ̀ ká aṣọ ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, orúkọ náà wá ba gbogbo ara ẹ̀ mu. Bíríkìlà ni ọkọ ẹ̀. Ó já bọ́ láti òkè ilé tí wọ́n ń kọ́, kò sì dìde mọ́. Ìdí áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ti wá bá Jẹ́jẹ́ tí wọ́n sọ fún un. Ó lọ aṣọ ọwọ́ ẹ̀ tán, ó ká a, ó tò ó lé orí àwọn yòókù, kó tó bọ́ épírọ́ọ̀nù.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ti kú sínú ẹ̀ tí wọn ò bá ọkọ sin. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń kí èèyàn. Bí wọ́n bá dápàárá, ó máa ń rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé ibi tó yẹ kéèyàn ti rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gíláàsì ló ti ń wo ayé.

Nígbà tí Oníòrí tún gbé ọṣẹ wá, ó mú agolo kékeré kan dání, ó gbé e ka iwájú Jẹ́jẹ́.

"Òrí ni. Èmi ni mo ń yọ́ ọ, èmi ni mo ń sẹ́ ẹ. Mi ò fi lọ́fínńdà sí i, torí lọ́fínńdà máa ń ta awọ tó bá ti là."

Rédíò, obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ mú aṣọ gbẹ, ẹni tí bátìrì ẹnu ẹ̀ kì í tán, na ọrùn láti ìdí ẹ̀rọ ẹ̀. "Ẹ wo ọwọ́ ọkùnrin yìí o! Ó ń dán bí ọwọ́ ẹni tí ò ṣiṣẹ́ rí."

"Iṣẹ́ ló mú un dán, àǹtí mi. Inú òrí lọ́wọ́ mi ń gbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀." Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́ yín, ẹ má nù ún gbẹ tán. Ẹ bu òrí díẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rà á títí á fi yọ́, kẹ́ ẹ tó fi pa ara. Kò sí omi nínú òrí. Omi tó wà lára yín ló máa ń bá yín sé mọ́lé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ pa á kó pọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́."

"Ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́!" Rédíò pàtẹ́wọ́. "Ayé mà bàjẹ́ o."

"Ṣé ó máa wò ó sàn?" Jẹ́jẹ́ bèèrè, torí ó mọ̀ pé ohun tó kàn kéèyàn bèèrè nìyẹn.

"Mi ò ní purọ́ fún yín. Òrí kì í ṣe idán. Bó bá ń ṣọyún, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ lọ. Ṣùgbọ́n awọ tó gbẹ, tó le, á mú un rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni."

Jẹ́jẹ́ dúpẹ́, ó ju agolo náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tó mú un rántí ni pé àlejò kan bá ẹ̀jẹ̀ lára pílò ẹ̀, ó sì pariwo títí ó fi dé ọ̀dọ̀ máníjà. Ọ̀gá obìnrin tó ń darí wọn pe Jẹ́jẹ́ sí kọ̀rọ̀.

"Jẹ́jẹ́, mo fẹ́ràn ẹ o. Ṣùgbọ́n àlejò ò fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, apá mi ò ní ká a."

Ọjọ́ náà ló mú agolo náà relé.

Ilé tó ń gbé, ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ ni, ọkùnrin kan tó ń ta páànù ìkọ́lé. Yàrá méjì ni Jẹ́jẹ́ àti ìyá ọkọ ẹ̀ ń lò lẹ́yìnkùlé. Orúnkún ìyá náà ti daṣẹ́ sílẹ̀, Jẹ́jẹ́ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń wọṣọ fún un. Àwọn obìnrin méjèèjì máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ oògùn orúnkún, àti ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó so wọ́n pọ̀, kò sẹ́ni tó ń mẹ́nu kàn án.

Ìyá náà rí i tí Jẹ́jẹ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì. Ó wò ó títí.

"Ìyàwó mi, ṣé ọwọ́ ti di ẹsẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní kí n fi òrí pa á ni, Màámi."

"Mo ti ń gbóòórùn ẹ̀. Mo rò pé orí mi ló ń dàrú." Ó na ẹsẹ̀ ẹ̀ síta. Ojúgun ẹ̀ funfun bí ẹni tó rìn kọjá nínú eérú, ó sì ti họ ọ́ títí ó fi bó. "Bó bá ṣẹ́ kù, má gbàgbé èmi náà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Jẹ́jẹ́ wẹ̀ ẹ́ tán, tí ara ẹ̀ ṣì tutù díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ òrí, ó fi pa á lẹ́yìn, léjìká, dé ẹsẹ̀. Ìyá náà di ojú. 

"Ó mà pẹ́ o tẹ́nì kan ti fọwọ́ kàn mí."

"Èmi ni mò ń wẹ̀ yín lójoojúmọ́, Màámi."

"Bí abọ́ lo ṣe ń wẹ̀ mí."

Jẹ́jẹ́ tún bu òrí. Ó wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bà á nínú, kò rí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ rọra sí i.

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Ara ìyá náà ò yún un bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì padà sí dúdú. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ náà ń sàn díẹ̀díẹ̀. Èépá líle ń bó kúrò létí ìka, awọ tó wà nísàlẹ̀ sì rọ̀ bí ètè ọmọdé. Òtẹ́ẹ̀lì ò rí ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, etí áyọ́ọ̀nù kan ọmọńdinrín ẹ̀.

"Yéè!"

 Rédíò fi ẹ̀rọ ẹ̀ sílẹ̀ ó sáré wá. "Jẹ́jẹ́ ló pariwo yẹn? Jẹ́jẹ́ tiwa yìí? Ẹ wá gbọ́ o, Jẹ́jẹ́ ní ohùn!"

Nígbà tí Oníòrí dé, Jẹ́jẹ́ lọ pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Òrí yín ti ba iṣẹ́ mi jẹ́. Tẹ́lẹ̀, mo lè di aṣọ gbígbóná mú. Ní báyìí, gbogbo nǹkan ló ń ta mí."

"Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Mo kàn ń sọ fún yín ni."

"Ẹ máa bínú nígbà míì," ó ní. "Mo máa dúró dè é."

Àga gbọọrọ kan wà lẹ́yìn yàrá náà, níbi tí ooru ẹ̀rọ ti ń tú jáde láti ojú ihò ara ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sí, nígbà ìsinmi ọ̀sán. Tíì àti búrẹ́dì ni wọ́n jọ ń jẹ. "Ẹ" di "o" láàárín wọn, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Oníòrí sọ ti ìyàwó tó ti ní rí.

"Ó ní òun ò lè máa sùn ti ọkùnrin tó ń rùn bí òrí. Ó lọ fẹ́ ọkùnrin tó ń ta tùràrí."

Jẹ́jẹ́ súnmọ́ ọn, ó fín èjìká ẹ̀. Òórùn èéfín díẹ̀, òórùn ẹ̀pà díẹ̀. "Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Kò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan! Ohun tó dáa jù tí obìnrin ti sọ sí mi látọdún tó kọjá nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì yà á lẹ́nu pé òun ò tíì ronú kí ẹ̀rín náà tó jáde.

Ìfẹ́ ti wọ Oníòrí lára. Ó ń rí Jẹ́jẹ́ nínú gbogbo ìkòkò tó ń rò. Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó sọ ọ́ lórí àga náà, pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Jẹ́jẹ́ mi, mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

 Jẹ́jẹ́ lọ sínú ara ẹ̀ lọ wá ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ nísàlẹ̀ àpò. "Mo ti wá a, Oníòrí. Kó o má rò pé mi ò wá a. Kò sí níbẹ̀. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fún ẹ."

"Mi ò bèèrè ohun tí ò sí. Bí mo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ báyìí, ṣé ara máa ń ni ẹ́?"

Ó rò ó dáadáa, torí ó gbà pé òótọ́ ló yẹ kóun sọ fún ọkùnrin náà. "Rárá. Mo máa ń sinmi."

"Ó tó mi, olólùfẹ́ mi. Ó tó mi í gbé ilé lé."

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́yìnkùlé kó tó dé iwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ pè é sí pálọ̀.

"Ìyàwó, wọ́n ní ọkùnrin kan ń sìn ẹ́ délé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùọ̀dá."

"Oníòrí." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀. "Ọjọ́ tí a sin àbúrò mi, gbogbo wa là ń sunkún. Ìwọ ò sun. Mo sọ nínú ara mi pé ìbànújẹ́ ló wọ̀ ọ́ lára jù. Àṣé iwájú lò ń wò."

Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn le. Ó rí i bó ṣe le tó, bí ẹni tó ń wo òkúta ńlá lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò bà á.

"Mi ò dè ẹ́ mọ́lẹ̀ o," ọkùnrin náà ní. "Tó o bá ń lọ, ọ̀nà là. Ṣùgbọ́n Màámi ò ní bá ẹ lọ, o ò sì ní máa wá síbí mọ́. Màá gba ọmọ ọ̀dọ̀ tó máa tọ́jú wọn. Ẹni tó bá jáde ti jáde."

Jẹ́jẹ́ ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ọ̀dọ̀ Oníòrí lọ.

Inú yàrá iṣẹ́ ẹ̀ ló bá a, ó ń ro òrí tó ti yọ́ nínú ìkòkò ńlá. "Sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ ẹ," ó ní. "Mi ò lè dúró ni. Bí mi ò bá rò ó títí á fi tutù, á ṣe wóró-wóró bíi yanrìn."

"Mi ò lè fẹ́ ẹ. Wọ́n ní bí mo bá lọ, mi ò ní fojú kan Màámi mọ́. Kò sẹ́lòmíì tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé apá wọn wọṣọ."

Oníòrí dúró. Òrí náà ń tutù, orógùn dúró ṣánṣán láàárín ẹ̀, kò sì rò ó mọ́.

"O ṣe é re," ó ní nígbà tó yá. "Bó o bá jẹ́ ẹni tó lè fi ìyá yẹn sílẹ̀, mi ò ní wá ẹ dé ibi tí mo wá ẹ dé. Ìyẹn gan-an ló sì burú níbẹ̀."

"Máà bínú."

"Mo ń bínú. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni mò ń bínú sí."

Láti ìgbà náà, ẹlòmíì ló ń bá a gbé ọṣẹ wá. Jẹ́jẹ́ ń lọ aṣọ, ó ń ká a. Ó ń retí pé kó dun òun. Kò dùn ún. Àga ẹ̀yìn yàrá wà níbẹ̀, ooru ń tú sí i lásán. Rédíò pàápàá dákẹ́ débi pé ọ̀gá wọn bi í bóyá ara ẹ̀ ò yá.

Òrí inú agolo tán, Jẹ́jẹ́ ò wá òmíràn. Ìka ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí le. Láàárọ̀ kan tó ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn ìyá náà, ó gbọ́ tó ní:

"Ọwọ́ ẹ ti tún gan."

"Òrí ti tán, Màámi."

"Òrí nìkan kọ́ ló tán. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ mi sọ fún ẹ ní pálọ̀. Orúnkún mi ló kú, etí mi ò kú. Mo wá ń retí kó o wá sunkún fún mi, o ò wá."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sun ún mọ́, Màámi."

Ìyá náà mi orí. 

Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀gbọ́n ọkọ wá kí ìyá ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bá ìyá náà lórí àga, ó ti fúnra ẹ̀ wọṣọ, bọ́tìnnì ẹ̀ ò bára dọ́gba, báàgì ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀.

"Màámi, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé ọkọ."

"Ilé ọkọ ta?"

"Ilé ọkọ ìyàwó mi."

Jẹ́jẹ́ gbé ike omi tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin náà wo Jẹ́jẹ́ àti ìyá ẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ? Ìyá ọkọ á bá ìyàwó lọ sílé ọkọ tuntun? Kí làwọn èèyàn máa wí?"

"Kí wọ́n máa wí. Bí wọ́n bá ń wí i, màá di adití." Ohùn ìyá náà wá rẹlẹ̀. "Ọmọ mi, o ṣeun. Ilé ẹ gbà mí, oúnjẹ ẹ ò wọ́n mi. Ṣùgbọ́n wò ó, ibo lo dúró sí yẹn? Láti ìgbà tí a ti dé láti ibojì, ẹnu ọ̀nà lo ti ń kí mi. Ọmọbìnrin yìí nìkan ló ń fọwọ́ kàn mí. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó o fẹ́ gbà, gbà á fún ara ẹ."

Ọkùnrin tó ń ta páànù wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Òótọ́ ni, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì náà sì dún.

"Bẹ́ ẹ bá ti lọ, Màámi, èmi nìkan ló kù nìyẹn." Ohùn ẹ̀ ò jọ ti ẹni tó ni ilé. "Mi ò lè wo yàrá yìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá yọjú, mo máa ń rò pé màá bá a níbi. Ìyẹn ni mi ò ṣe lè wọlé. Ìyẹn náà ni mi ò ṣe fẹ́ kẹ́ni kankan kúrò."

Ìyá ẹ̀ na ọwọ́, ó fi pa á lórí. "Kò jìnnà. Máa wá. Ṣùgbọ́n tó o bá wá, kó o wọlé."

Ọkùnrin náà fúnra ẹ̀ ló gbé báàgì náà sínú mọ́tò, tó sì gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà Oníòrí.

Oníòrí jáde pẹ̀lú òrí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó wo Jẹ́jẹ́, ó wo ìyá àgbà, ó wo báàgì.

"Ìwọ ni Oníòrí?" ìyá náà bèèrè.

"Èmi ni, mà. Ẹ káàbọ̀, mà."

"O kúrú ju bí mo ṣe rò lọ."

"Ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ náà nìyẹn, mà."

"Ṣé o ní yàrá tí oòrùn ń wọ̀?"

"Ó wà, mà. Òrí ló kún inú ẹ̀."

"Kó òrí kúrò níbẹ̀. A ti dé."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ wúkọ́, ó na ọwọ́ sí i. Oníòrí fi ọwọ́ tirẹ̀ hàn án, bó ṣe kún fún òrí. Ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Jẹ́jẹ́ fa Oníòrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ohun tí mo sọ fún ẹ níjọ́sí ṣì wà bó ṣe wà. Mi ò tíì rí nǹkan kan nínú."

"Mo mọ̀. Tèmi náà ṣì wà bó ṣe wà."

Ọ́fíìsì ìgbéyàwó ni wọ́n lọ, èrò ò pọ̀. Rédíò àti Bùọ̀dá tó ń ta páànù ló ṣe ẹlẹ́rìí. Rédíò sunkún títí akọ̀wé fi rò pé òun ni ìyàwó. Jẹ́jẹ́ ní "bẹ́ẹ̀ ni" níbi tó yẹ kó ti sọ ọ́. Ohùn ẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ga, kò rẹlẹ̀. Òótọ́ sì ni gbogbo ohun tó sọ.

Oòrùn ọ̀sán ṣì wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n padà délé. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ ìyá náà ti wú nítorí ìrìn, Oníòrí sì ti kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀ pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó lọ́rùn. Ó ra òrí láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi pa ọrùn ẹsẹ̀ fún un. Ìyá náà fẹ̀yìn ti àga, ó pajú dé.

"Adúmáadán," ó ní, "rọra."



Orúkọ tó ń pe ọmọ ẹ̀ nìyẹn, èyí tó kú. Láti ìkókó ló ti ń fi òrí pa á tí oòrùn fi ń dán lára ẹ̀, òun nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀, dọ́jọ́ tó gun òkè ilé náà. Ìyá náà lajú. Ó rí ẹni tó wà níwájú ẹ̀, ó fẹ́ fa ẹsẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn.

Oníòrí ò gbójú sókè.

"Ẹ̀n, Màámi," ó ní. "Mo ti ń rọra."

Jẹ́jẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́. Nǹkan kan dì í mú lábẹ́ ìhà. Ó dúró kó kọjá, bí gbogbo nǹkan ṣe máa ń kọjá lára ẹ̀. Kò kọjá. Ó ń dùn ún. Ó ń dùn ún gan-an, ibi tó ti ń dùn ún sì ń fẹ̀ sí i.

Ó gbé bàtà náà kalẹ̀. Ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kejì ìyá náà lé itan.

"Bu díẹ̀ fún mi," ó ní.